Agbábọ́ọ̀lù Mẹ́ta tí Mo Wá Lọ sí Igbó Ajíròrò

Ẹ jẹ́ kí òjò yìí máa rọ̀, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, kò sí ẹni tí yóò tún lọ sóko lónìí. Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi, kí ẹni tí kò bá gbọ́ dáadáa má baà lọ ròyìn òdì. Èmi Ọdẹ́dìran ni mò ń sọ̀rọ̀. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n tó ń dá àwọn obìnrin padà lójú ọ̀nà odò. Èmi ni mo tọ ipasẹ̀ erin fún ọjọ́ mọ́kànlá láìbọ́jú. Bí ẹkùn bá gbúròó mi lókè, ìsàlẹ̀ ni ó máa ń gbà. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí pé ìgbẹ́ wo ló fún mi ní ewú tí ẹ ń wò lórí mi yìí, n kò ní dárúkọ ẹran kankan. Ènìyàn ni mo lọ dẹ. Àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni mo lọ dẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, nítorí èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, ẹ̀rín ọ̀hún kò sì pẹ́ lẹ́nu mi.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọdé kò mọ̀ pé àwọn baba wa bá àwọn ará Igbó Ajíròrò jà títí ó fi rẹ tọ̀tún tòsì. Nígbà tí ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n dá májẹ̀mú pé kí a fi bọ́ọ̀lù yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ìlú ènìyàn àti àwọn ìlú igbó a máa pàdé ní Gbàgede tó wà ní òdìkejì Odò Ẹ̀sùn, wọn a sì du ife ẹ̀yẹ. Bí Ìkótì ìlú wa bá gba ife, igbó yóò dúró síbi tó wà. Bí a bá pàdánù, igbó yóò gba òpópónà kan lọ́wọ́ wa. Ọdún mẹ́ta ni a sì fi pàdánù léra léra. Mo fi ojú mi rí igi ìrókò tó yọ láàárín yàrá ẹni tí mo mọ̀, tí ó gbé àjà lọ sókè. Mo rí ìtàkùn tó gba ojú fèrèsé wọlé, tó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bí àlejò. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, òpópónà Ìdí-Ọsàn ló kàn. Níbẹ̀ ni ilé ìgbẹ̀bí ìlú wa wà, níbẹ̀ ni ilé mi wà pẹ̀lú, Àwẹ̀ró ìyàwó mi sì wà nínú oyún oṣù méje.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ wa. Àríyìíké ni orúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù títí orúnkún rẹ̀ fi yẹ̀. Ó wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò jókòó, kò sì gba omi tí Àwẹ̀ró gbé fún un.

"Bàbá Ọdẹ," ó ní, "ẹni méjì péré ló kù sí mi lọ́wọ́. Àwọn yòókù ti lọ."

"Lọ síbo?"

"Sí ìlú tí kò dínkù. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun ni bọ́ọ̀lù, Bàbá. Bí ilé bá ń wó, alágbàṣe kì í dúró ti òrùlé."

Àwọn méjì tó kù ni Ṣówándé apẹja, ọkùnrin tó le bí òpó tí kì í sọ̀rọ̀, àti Fọlájìnmí. Fọlájìnmí kò ga. Bí ó bá dúró ti fèrèsé, irun orí rẹ̀ nìkan ni ẹ ó rí. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù a máa tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ bí òròmọdìẹ ṣe ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Ìlú méjì ló ti ránṣẹ́ sí i pé kí ó máa bọ̀, ó ní òun kò lọ.

"Ẹni mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá nínú igbó," Àríyìíké wí. "Ẹni gíga tí yóò dúró lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó lè jù ú wọlé láti òkèèrè. Ẹnì kẹta, ẹni tí yóò máa ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í pàtẹ́wọ́ fún."

"Iṣẹ́ wo nìyẹn?"

"Bí ẹ bá rí i, ẹ ó mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má torí òkìkí mú ẹnikẹ́ni wá. Ẹni tó bá àwọn yòókù mu ni mo fẹ́. Ẹ sì rántí pé ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ni Ìyá Atukọ̀ fi máa ń gbé agbábọ́ọ̀lù márààrún kọjá, nítorí májẹ̀mú kò jẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù fi ẹsẹ̀ la odò náà kọjá. Kì í lọ lẹ́ẹ̀mejì. Àárọ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni."

Mo ní mo ti gbọ́. Ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́. Nínú ọkàn mi mo ń sọ pé ta ni yóò rán ọdẹ ńlá lọ sígbó kí ó má mú ẹran tó tóbi jù bọ̀?

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, n kò rí nǹkan kan àfi ẹ̀rù. Igbó náà dákẹ́, ẹ̀yin ènìyàn mi, ó dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ẹni kí a tó wọlé. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀ka igi kan gbá fìlà mi kúrò lórí. Kí fìlà náà tó kan ilẹ̀, ọwọ́ kan ti gbà á. Mo yíjú, mo rí ọkùnrin kúkúrú kan tí ewédò bo gbogbo ara rẹ̀, tí apá rẹ̀ gùn dé orúnkún.

"Ta ni ọ́?"

"Tètèdé."

"Kí ni iṣẹ́ rẹ?"

"Ohun tó bá fẹ́ bọ́ ni mo máa ń gbà."

"Ta ló gbé iṣẹ́ yẹn fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó gbé e fún mi. Nǹkan ń bọ́ ṣáá ni."

Mo gba fìlà mi, mo ń bá tèmi lọ. Ó ń tẹ̀ lé mi. Bí ìyẹ̀fun gàrí bá ń jò lápò mi, ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ gbà á. Bí mo bá fẹ́ yọ̀ ṣubú, ìgbọ̀nwọ́ mi ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kà á sí ìyọlẹ́nu. Ojú agbéraga ni mo fi wò ó.

Lọ́jọ́ kẹfà a dé ọgbà ìyá arúgbó kan tó gbin igi àgbálùmọ̀ rẹpẹtẹ. Ọmọkùnrin kan jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn igi náà, ní ìjókòó yẹn, orí rẹ̀ ga ju òrùlé lọ, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ tínrín, ó fúyẹ́ bí òwú. Bí ẹyẹ bá fẹ́ ṣá èso, yóò kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè, ẹyẹ á bá ibòmíràn lọ. Kékeré ni ìyá rẹ̀ ń pè é, nítorí òun ni àbíkẹ́yìn. Inú mi dùn pé mo ti rí ẹni gíga náà. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé àwọn igi kan tó yí ọgbà ká kì í ṣe igi àgbálùmọ̀. Wọ́n ní èjìká. Ọ̀kan gbé ìbọn tó ti dípẹtà kọ́ apá.

"Àwọn ọdẹ tó ti wá bẹ̀ mí lórí ọmọ mi nìwọ̀nyẹn," ìyá náà wí. "Wọ́n dáhùn àlọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì kùnà. Ìwọ náà, gbọ́ àlọ́ mi. Ẹni márùn-ún ló ni ín, kò sì sùn nílé ẹnì kankan. Ẹni tó bá dì í mú jù ló máa ń pàdánù rẹ̀. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ lásìkò ló ni ín. Kí ni?"

"Omi ni, Ìyá," mo dáhùn kíákíá, bí ọ̀mùtí tó ń dá orin tí kò mọ̀.

Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn mí ní gìgísẹ̀. Mo wolẹ̀, mo rí gbòǹgbò funfun tínrín méjì tó ti yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi tó ń wá ilẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn, ojú mi ti rí ìbínú ẹfọ̀n, ṣùgbọ́n n kò bẹ̀rù tó báyìí rí. N kò lè rántí orúkọ nǹkan mẹ́ta láyé. Ìgbà náà ni àgbálùmọ̀ kan já. Tètèdé mú un lófuurufú, kò jẹ ẹ́, ó jù ú sí Kékeré. Kékeré náà kò jẹ ẹ́, ó jù ú sí ìyá rẹ̀. Ìyá sì gbà á láìwo ọwọ́.

"Bọ́ọ̀lù ni!" mo kígbe. "Bọ́ọ̀lù ni, Ìyá!"

Gbòǹgbò náà rọ. Ìyá wò mí títí. "Ẹnu rẹ ti mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ó ku ọwọ́ rẹ." Ohùn rẹ̀ wá yí padà, ó di ohùn ìyá lásán. "Ọmọ yìí kò kúrò lọ́dọ̀ mi rí. Ariwo máa ń bà á lẹ́rù. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, ṣé ẹ ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́?"

Mo fi irin ìbọn mi búra pé a kò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó di oúnjẹ fún un nínú ewé tó tóbi tó ẹní, ó sì ń nu ojú rẹ̀ títí a fi kọjá lọ.

Bí mo bá yípadà lọ́jọ́ náà, kí n mú Kékeré lọ, kí n tún máa wá ẹlòmíràn tó lè jù ú wọlé láti òkèèrè, ì bá dára. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ òkìkí Láníhùn. Gbogbo igbó ló ń sọ pé kì í tàsé. Orí àpáta kan ló ń gbé. Bí ó bá ju òkúta, yóò bá èso tí ẹ fi ojú wá tì lókè ọ̀pẹ. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá ba nǹkan, yóò fi òrùka idẹ kan kún ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá tí a débẹ̀, òrùka ti bo apá rẹ̀ dé èjìká, ó ti bo ọrùn rẹ̀ dé àgbọ̀n. Bí ó bá rìn, ilẹ̀ á kérora. Nísàlẹ̀ àpáta, nínú koríko, obìnrin kan tó fi gèlè di ìbàdí ń ṣa àwọn òkúta tó jù, ó sì ń jù wọ́n padà sókè fún un. Ìbídùn ni wọ́n ń pè é. Láníhùn kì í wo ẹ̀yìn. Yóò kàn la àtẹ́lẹwọ́, òkúta á sì bà lé e. Ojú mi rí i. Ọkàn mi kò rí i.

"Mo gbọ́ pé ìlú yín ń tán lọ," Láníhùn wí.

"Ìdí rẹ̀ ni mo ṣe wá."

"Ta ló ń ta bọ́ọ̀lù nílẹ̀ fún yín?"

"Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fọlájìnmí."

"Bọ́ọ̀lù kì í gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá kí ó tó dé ọwọ́ mi. Bí mo bá ń bọ̀, kí ó máa lọ. Ṣèlérí fún mi pé wàá lé e, mà á sì gba ife fún yín."

Ìbídùn dúró, òkúta wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò mí. Mo rò ó. Mo rí ìtàkùn tó ń wọ ilé ìgbẹ̀bí. Mo rí Àwẹ̀ró lórí ẹní, tí igi ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, ẹ̀yin ará, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ní, "Mo gbà."

Ọjọ́ mẹ́rin tí a fi rìn dé odò, n kò bá wọn jókòó jẹun. Láníhùn ń rìn níwájú, òrùka rẹ̀ ń dún, Ìbídùn ru ẹrù rẹ̀ tẹ̀ lé e, Tètèdé sì ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kékeré ń bẹ̀rẹ̀ rìn lẹ́yìn, ó ń bi mí pé, "Bàbá Ọdẹ, ta ni yóò dúró tì mí lórí pápá?" Mo ní Fọlájìnmí ni. Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó rántí ohun tí mo ṣèlérí.

Nígbà tí a yọ sí etí odò, Fọlájìnmí ló kọ́kọ́ sáré pàdé mi. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó gba àpò mi. "Bàbá Ọdẹ, ẹ kú ìrìn o! Mo ti sọ fún wọn pé ẹ kì í bọ̀ lófo." N kò lè wo ojú rẹ̀.

Àríyìíké fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Láníhùn nìyẹn? Kí ni ẹ ṣèlérí fún un?"

"Kò sí nǹkan kan."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ìkòkò tó ti sán, ó sì kọjá sídìí ọkọ̀.

Ìyá Atukọ̀ jókòó sí ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Ó fi osùn fa ìlà pupa sí ìhà ọkọ̀. "Bí omi bá kọjá ìlà yìí, odò ni yóò jẹ gbogbo yín. Bí òjìji igi yẹn bá dé ibi èèkàn, mo ti lọ." Òjìji náà kò jìnnà sí èèkàn mọ́. Láníhùn kọ́kọ́ wọlé. Ọkọ̀ náà sọ gìrì, omi gun òkè, gun òkè, ó dúró ní ìwọ̀n ìka kan sí ìlà.

"Ó ku ẹnì kan," Ìyá Atukọ̀ wí. "Kí ó sì jẹ́ ẹni tó tínrín."

Àríyìíké súnmọ́ ọkọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ àwọn òrùka yìí. A ó tọ́jú wọn."

"Bí mo bá bọ́ wọn," Láníhùn wí, "ta ni yóò mọ̀ mí?"

"Ẹni márùn-ún ló ń gbá bọ́ọ̀lù."

"Èmi nìkan tó márùn-ún."

Àríyìíké yíjú sí mi. "Bàbá Ọdẹ, ẹ̀yin lẹ mú un wá. Kí ni kí n ṣe?"

Òjìji igi ń súnmọ́ èèkàn. Mo mọ̀ pé bí mo bá lé e, a kò ní ẹni tí yóò jù ú wọlé láti òkèèrè. Bí mo bá dá a sí, a ó fi ẹni méjì kojú márùn-ún. Ìlérí mi sì wà lẹ́nu rẹ̀, tí ó lè tú u síta nígbàkígbà. Mo ní, "Kí ó sọ̀ kalẹ̀."

Kò bá mi jiyàn. Ó bọ́ sílẹ̀, ó he òkúta, ó sì jù ú sí iwájú orí mi. Ẹ̀yin ará, n kò rí òkúta náà. Àtẹ́lẹwọ́ Kékeré ni mo rí, tó kọjá níwájú ojú mi bí ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ tì. Òkúta náà ta sókè. Tètèdé sáré wọ odò, ó mú un kí ó tó kan omi, ó jù ú sí ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì yí dé iwájú Ìbídùn. Ìbídùn, bí ó ti máa ń ṣe lójoojúmọ́, he é, ó sì jù ú padà. Láníhùn, bí òun náà ti máa ń ṣe, la àtẹ́lẹwọ́ láìwo ẹ̀yìn. Òkúta bà lé e gẹ́lẹ́.

Àríyìíké pariwo. "Ẹ rí i? Ẹ̀yin náà rí i?"

Ó gba apẹ̀rẹ̀ ẹja Ṣówándé, ó ní kí Kékeré fi kọ́ ẹ̀ka igi. Ó ka ogójì ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ó gbé bọ́ọ̀lù fún Ìbídùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló jù ú, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló wọlé láìkan etí apẹ̀rẹ̀.

"Ìbídùn," Láníhùn wí, ohùn rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, "padà síbí."

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń ju òkúta sí yín lọ́wọ́," obìnrin náà dáhùn. "Ẹ kò bojú wẹ̀yìn rí." Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀.

Ìbídùn, Kékeré, Ṣówándé, Fọlájìnmí. Nígbà tí ó kan ẹnì karùn-ún, Àríyìíké kò tilẹ̀ bi mí. Ó na ìka sí Tètèdé, tó ń fún omi kúrò lára ewédò rẹ̀. "Ìwọ. Ìwọ ni mo ní kí Bàbá bá mi wá." Omi gun òkè, ó fẹnu kan ìlà osùn, ó dúró síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mí. Ìyá Atukọ̀ tukọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin. Èmi àti Àríyìíké di okùn tí wọ́n ta kọjá odò mú, a ń wọ́ ara wa lọ nínú omi tó dé àyà, òkúta Láníhùn sì ń dún fìrìfìrì bọ̀ lẹ́yìn wa. Kékeré ń gbá wọn dànù láti ìjókòó, kò jẹ́ dìde kí ọkọ̀ má dojúdé. Ẹyọ kan bà mí létí. Ẹ wo àpá rẹ̀. Láníhùn fẹ́ tẹ̀ lé wa, ẹrẹ̀ gbé e dé orúnkún, níbẹ̀ ni a fi í sí, ó ń ké pé kí wọ́n wá fa òun jáde.

Ẹ má rò pé ó rọrùn ní Gbàgede. A fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù eré àkọ́kọ́, nítorí ariwo dẹ́rù ba Kékeré, ó jókòó láàárín pápá, ó di etí. Rẹfirí ń fun fèrè. Fọlájìnmí kò bínú. Ó lọ jókòó tì í, bí òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí títí ó fi dìde. Láti ìgbà náà, ibi tí Fọlájìnmí bá wà, ojú Kékeré á wà níbẹ̀. A borí eré yẹn, a borí èkejì. Ṣùgbọ́n mo rí i pé Fọlájìnmí ti dẹ́kun kíkí mi. Bí mo bá ń bọ̀, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ so okùn bàtà. Mo rí òun àti Ìbídùn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi, mo sì bá ọ̀nà mìíràn lọ.

Ní eré àṣekágbá, a kojú àwọn tó lágbára jù nínú igbó, àwọn tó gba ife lọ́dún mẹ́ta náà. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ló kù. Wọ́n ní mọ́kànlélọ́gọ́ta, a ní ọgọ́ta. Ọ̀kan nínú wọn jù ú, Kékeré gbá a dànù, bọ́ọ̀lù ń yí lọ síta, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ tán. Tètèdé na ara rẹ̀ gbọọrọ lórí ìlà, ó fi ìka méjì mú un wọlé padà fún Fọlájìnmí. Ṣówándé dúró bí ògiri, ó fi àyà dí ẹni tó ń lé e. Fọlájìnmí dé iwájú apẹ̀rẹ̀. Àyè ṣí sílẹ̀ fún un. Ó lè jù ú fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ó bá wọlé, gbogbo ìlú ni yóò gbé e lórí, kò sì sí ẹni tí yóò tún lè lé e láéláé. Ó fò sókè, ẹni méjì fò tọ̀ ọ́, ó sì ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn láìwo ibẹ̀. Ìbídùn la àtẹ́lẹwọ́. Mo dijú. Ariwo àwọn tiwa ló sọ fún mi pé ó wọlé.

Nígbà tí wọ́n ń jó, mo lọ bá Fọlájìnmí níbi tó ti ń fọ ẹsẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ."

"Ìbídùn ti sọ ọ́ fún mi," ó ní. "Láti ọjọ́ kejì tí a dé ibí."

"O sì gbá bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀?"

"Bí mo bá bínú lórí pápá, Kékeré á rí i lójú mi, ẹ̀rù á bà á. Mo ní kí n gbá a tán ná." Ó nu ẹsẹ̀ kan, ó nu èkejì. "Mo ti gbá a tán báyìí."

Ó dìde, ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Igbó kò gba Ìdí-Ọsàn. Àwẹ̀ró bí obìnrin, ara rẹ̀ yá. Fọlájìnmí kò wá síbi ìsọmọlórúkọ. Òjò rọ̀, òjò dá, a jẹ iṣu tuntun, kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń gba iwájú ilé rẹ̀ lójoojúmọ́, bí ọ̀nà oko mi kò tilẹ̀ gba ibẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń gbá ojúlé rẹ̀, ó gbórí sókè. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀." Kò fi "Bàbá" kún un. Mo dáhùn. Mo rìn dé ìdí igi tó kàn, mo sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo ń tún ìkíni náà sọ fún ara mi.